Ogójì Ìṣẹ́jú-Àáyá

Ẹ má pè é ní eré sísá.
Ẹni tó bá yára jù, wọ́n á yọ máàkì rẹ̀,
ẹni tó bá pẹ́, wọ́n á yọ tirẹ̀ náà.
Ọkọ̀ àtijọ́ mọ́kàndínlógún, láti Adó dé Ẹfọ̀n,
kí kálukú dé ibùdó ní àkókò tí a kọ fún un.
Adébùsúyì àbúrò mi ló ń wa tiwa,
èmi ni mo ń ka ọ̀nà, aago ń mì lọ́rùn mi.

Tiráyọ́ńfù ni, aláwọ̀ ewé kókò,
ikùn rẹ̀ súnmọ́ ilẹ̀ bíi ti ológbò tó ń dọdẹ.
Baba wa rà á lọ́wọ́ ẹnjiníà òyìnbó kan tó ń palẹ̀ mọ́,
ẹ̀ẹ̀mẹta ló san owó rẹ̀,
ìyá wa ò sì bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi san ìkẹta.
Ìjókòó méjì! Ọmọ mẹ́fà la jẹ́.
"Ṣé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ni kí n to àwọn yòókù sí?"

Ọdún mọ́kànlélógún ló fi wà lábẹ́ páànù lẹ́yìn ikú baba,
adìẹ ń yé sórí ìjókòó.
Àfìgbà tí Dáhùnsi dé, ẹni tó ń pe iṣẹ́ ní uṣẹ́,
ó fi ìka kan ara ọkọ̀, ó dẹtí,
ó ní, "Kò kú. Ebi ló ń pa á."

Ó yọ dáínámò, ó fi ọ́tánétọ̀ sí i,
torí iná ńlá mẹ́rin tó gbé ka iwájú,
dáínámò ò lè bọ́ wọn yó.
Ó pààrọ̀ sípíríìn, ọkọ̀ ga ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta.
Ó sán irin pẹlẹbẹ bí bàǹtẹ́ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì,
ó mọ gbogbo kòtò Aramọkọ lórúkọ.
Kabúrétọ̀ méjèèjì, ó fi rọ́bà gbọ́ èémí wọn
títí wọ́n fi ń mí pọ̀.
Ó sì fi fáànù oníná síwájú rédíétọ̀.
Fáànù yẹn, ẹ fi sọ́kàn.

Àbúrò baba wa yí ọkọ̀ ká, ó mirí:
"Ẹ ti pààrọ̀ egungun olóògbé."
Dáhùnsi ò gbójú sókè:
"Bàbá, eyín tí ẹ fi ń jẹran yẹn,
ṣé èyí tí ìyá yín bí mọ́ yín ni?"

Orí itan mi, ìwé baba mi ló wà níbẹ̀.
Wíwọn ọ̀nà niṣẹ́ rẹ̀, ṣéènì lọ́wọ́, sòkòtò péńpé.
Ìyìn. Ìgèdè. Afárá. Ìrókò tí wọ́n ti gé.
A kọjá ibùdó méjì láìjẹ gbèsè ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Lẹ́yìn Ìta-Awúrẹ́, òkè bẹ̀rẹ̀, kùrukùru bo títì.
Níbí ni ọkọ̀ baba wa ti máa ń hó bí ìkòkò,
níbí ni Yèyé Ojúọlápé ti máa ń gbómi jáde.
Lónìí, ọwọ́ ìwọ̀n ooru ò mì rárá.
A yí kọ́nà,
ó dúró síbẹ̀. Irun funfun, ike aláwọ̀ aró.
Ó ti gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì láti ìsàlẹ̀ òkè.

Adébùsúyì wò mí.
Mo wo aago. Mo ní, "Dúró."

"Ẹ pẹ́ kí ẹ tó dé," ló wí,
bí ẹni pé àná la kọjá.
"Yèyé, kì í gbóná mọ́."
Ó wo bọ́nẹ́ẹ̀tì pẹ́,
bí ẹni tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ lójijì.
"Ẹ̀yin ńkọ́? Òùngbẹ ò gbẹ yín ni?"
A mu. Ó tutù dé eyín.
Ìyókù, ó dà á sí táyà iwájú,
kò bi ẹnikẹ́ni.

Ogójì ìṣẹ́jú-àáyá.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé, lábẹ́ lẹ́tà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ baba mi
tó kà pé: *Omi. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá.*

Ní Ẹfọ̀n, ipò kejìlá ni wọ́n pè wá sí.
Dáhùnsi ti wà lábẹ́ ọkọ̀, tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu.
Ó jáde, ó nu ọwọ́.
"Ta ló fọ táyà kan ṣoṣo?"